Adùn Tí A Ń Sè fún Ẹni Tí Kì Í Jẹun Nítorí Adùn

Ìlú kan wà ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Bangkok, olú-ìlú ilẹ̀ Tháílándì, tí ń jẹ́ Phetchaburi, ìlú olókè, ìlú onítẹ́ńpìlì, ìlú tí ọ̀pẹ abewé-bí-abẹ̀bẹ̀ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrẹsì rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Bí a bá sì dárúkọ rẹ̀ sétí ọmọ ilẹ̀ náà, kì í ṣe ààfin tí Ọba Mongkut kọ́ sórí òkè ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1860 ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, bí kò ṣe oúnjẹ àdídùn kan tí wọ́n ń pè ní khanom mo kaeng, èyí tí a fi ẹyin, wàrà àgbọn àti ṣúgà ọ̀pẹ ṣe, tí a yan títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí inú rẹ̀ sì dì múlọ́múlọ́. Ẹni tí ó bá ń sè é nílé ní àsìkò ọdún, tàbí ní ọjọ́ tí ó fẹ́ ṣe sàárà fún àwọn òkú ọ̀run rẹ̀, kì í sábà fi ẹnu kàn án kí ó tó bu ti àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà sọ́tọ̀. Ìpín àkọ́bù, èyí tí ojú rẹ̀ gún jù, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò fọ́, tẹ́ńpìlì ni ó ń lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tí ó jẹ mọ́ ẹ̀sìn ju ilé ìdáná lọ: kí ni ó dé tí ènìyàn yóò fi ọ̀sán fi òru wá adùn kiri, tí yóò fi ẹ̀sọ̀ sè é, tí yóò jókòó ṣọ́ ọ nídìí iná, tí ilẹ̀ yóò sì mọ́ tán tí yóò gbé e fún ẹni tí ìlànà ayé rẹ̀ kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ jẹun nítorí adùn?

Kí a tó máa wá ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fínnífínní, nítorí ẹni tí kò mọ bí ẹrù ti wúwo tó kò lè mọ ohun tí ẹni tí ó sọ ọ́ kalẹ̀ ṣe. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ni àwọn àgbà ìdí iṣẹ́ náà fẹ́ràn, kì í ṣe ti adìẹ, nítorí púpà rẹ̀ tóbi, ó sì lọ́ràá. Ẹni tí ó bá ń sè é mọ níwọ̀n fún ará ilé rẹ̀ lè lo ẹyin 5, ṣúgà ọ̀pẹ ife 1, àti wàrà àgbọn ife 1 ààbọ̀, wàrà àkọ́fún tí a kò tíì bu omi là. Àgbọn, abomi-nínú-má-da, agbégi-òkè-fún-ará-ilẹ̀-lọ́mú! Wọn kì í fi ìjábẹ̀ pò ó. Ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Wọn á kó ewé gbọọrọ kan tí ń jẹ́ bai toei, ewé olóòórùn dídùn, sínú abọ́ pẹ̀lú ẹyin àti ṣúgà náà, wọn á máa fún un mọ́ra wọn, wọn á tún un fún, títí ṣúgà yóò fi yọ́ tán, tí òórùn ewé yóò bo òórùn ẹyin mọ́lẹ̀, tí èyí tí ó ń fà yọ̀ọ̀ nínú funfun ẹyin yóò sì já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọn á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Àwọn kan á po kókò tí a sè tí a gún mọ́ ọn, àwọn mìíràn á fi ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí a bó èèpo rẹ̀ sí i, kí oúnjẹ náà lè lára.

Iná ni ọ̀rọ̀ kù sí. Láyé àtijọ́, iná òkè pẹ̀lú iná ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń yan án: ẹ̀yín iná wà lábẹ́ àwo, ẹ̀yín iná tún wà lórí ìdérí, alásè á sì máa bù kún ọ̀kan, á máa bù kúrò lára èkejì, bí ojú àti imú bá ti sọ fún un. Ẹni tí ó bá kánjú, tí ó jẹ́ kí ooru pọ̀ jù, yóò rí i pé ẹyin náà yóò sún kì, ihò wẹ́wẹ́ yóò dá sí i lára, omi yóò sì yà kúrò lára rẹ̀. Àwọn baba wa kò tilẹ̀ mọ Phetchaburi tí wọ́n fi sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún oríṣi kejì, sangkhaya fak thong, èyí tí a ń sè sínú elégédé odidi: a ó gé orí rẹ̀, a ó ha irúgbìn inú rẹ̀ kúrò, a ó da àpòpọ̀ náà sí i láìjẹ́ kí ó kún dé ẹnu, nítorí yóò wú, a ó sì gbé e sórí oru omi fún bíi wákàtí 1, lórí iná jẹ́jẹ́. Bí mo kaeng bá sì jinná, àlùbọ́sà kéékèèké tí a rẹ́, tí a dín gbẹ, ni a ó fi wọ́n ọn lójú. Àlùbọ́sà lórí ohun àdídùn! Àlejò tí ó bá kọ́kọ́ rí i a máa fura sí olóńjẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tọ́ ọ wò, àríyànjiyàn parí.

Ṣúgà rẹ̀ pàápàá tó ohun tí a ń ronú lé lórí. Bí adẹ́mu wa ti ń gun ọ̀pẹ ni adọ́pẹ ti Phetchaburi ń gun tirẹ̀, àyàfi pé ọparun tí a dè mọ́ ara igi ni àkàbà rẹ̀, kì í ṣe igbà. Á gé ẹnu ìdí òdòdó, á gbé agbè kọ́ ọ lẹ́nu, á sì ti kó èépá igi kan tí ń jẹ́ phayom sínú agbè náà, kí oje tí ó bá ń kán sí i má baà kan. Ìdí tí ó fi ń ṣe èyí yé gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó bá ti mu ẹmu òwúrọ̀ àti ẹmu ìrọ̀lẹ́ rí. Oje náà kò ní sùúrù. Bí a bá tètè gbé e kaná, tí a sè é nínú agbada ńlá títí ó fi ki, tí a sì rò ó títí ó fi funfun, ṣúgà ni; bí a bá fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọtí ni, ẹlẹ́sìn Búdà tí ó bá sì gba ẹ̀jẹ́ 5 tí àwọn ọmọ ìjọ ń gbà ti ṣèlérí pé òun kò ní fẹnu kan ohun tí ń pani lọ́tí. Igi kan náà, agbè kan náà, ọwọ́ kan náà ni ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ìdí ọ̀pẹ yẹn ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ Búdà lórí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, nítorí ẹ̀kọ́ náà kò fìgbà kan sọ pé adùn ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni àkókò tí a bá jẹ́ kí adùn kan mọ́ wa lọ́wọ́.

Ta ni ó wá kọ́ wọn láti fi ẹyin sí i? Ṣáájú kí àwọn Pọtogí tó dé, ìyẹ̀fun ìrẹsì, àgbọn àti ṣúgà ọ̀pẹ ni ìpìlẹ̀ ohun àdídùn ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1511 ni ìránṣẹ́ Pọtogí àkọ́kọ́ dé Ayutthaya tí í ṣe olú-ìlú nígbà náà, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó síbẹ̀. Ní ìlú tiwọn, inú ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ni iṣẹ́ púpà ẹyin àti ṣúgà ti gbilẹ̀ jù. Wọn a máa sọ pé funfun ẹyin ni àwọn sísítà náà fi ń mú aṣọ wọn gan, tí púpà fi ń ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́ tí wọ́n sì ní láti wá nǹkan fi ṣe. Ìtàn Tháílándì tún gbé orúkọ obìnrin kan sí ìdí ọ̀rọ̀ náà: Maria Guyomar de Pinha, ọmọ ìjọ Àgùdà tí a bí sí Ayutthaya, tí ẹ̀jẹ̀ Japan àti ti Pọtogí pàdé lára rẹ̀. Ó fẹ́ Constantine Phaulkon, ọmọ Gíríìkì tí ó di igi-lẹ́yìn-ọgbà fún Ọba Narai, tí gbogbo ilẹ̀ sì ń wárí fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dìtẹ̀ gba ìjọba ní ọdún 1688, wọ́n pa Phaulkon, wọ́n kó ohun ìní rẹ̀, wọ́n sì sọ opó rẹ̀ di ẹrú ilé ìdáná ààfin. Láti ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ti ń sọ, ni sangkhaya, mo kaeng àti foi thong, àdídùn tí a fi púpà ẹyin ṣe bí òwú, ti jáde. Àwọn òpìtàn kan kò gbà pé òun nìkan ni, nítorí kí wọ́n tó bí i, Pọtogí ti lo ọdún tó lé ní 140 ní ìlú náà, èmi náà sì rò pé ọwọ́ tó pọ̀ ni ó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ọ̀nà tí adùn yìí gbà: láti ọwọ́ sísítà tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní ní ohun ìní, ó bọ́ sí ọwọ́ opó tí wọ́n gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni ó sì ti ń lọ sínú àwo mọ́ńkì tí kò ní ju aṣọ àti àwo náà lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní nǹkan kan. Kò sí olówó kankan lójú ọ̀nà, àfi ọba tí ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa tán, bí a bá rántí pé ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan náà ni ó gbé àgbọn láti ìhà Òkun Íńdíà wá sí etíkun tiwa, tí àwọn ọmọ Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá sí Pópó Àgùdà ní Èkó sì ń fi wàrà rẹ̀ se frejon, ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, tí a mú dùn, tí wọ́n ń bù fún aládùúgbò káàkiri ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ọjọ́ ààwẹ̀ ni, ọjọ́ tí a kì í jẹ ẹran, ọjọ́ ọ̀fọ̀ pàápàá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni abọ́ àdídùn ń ti ojúlé dé ojúlé. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa bú u pé ìjẹkújẹ ni. Bóyá wọn kò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó sè é bí ó ti jẹ èyí tí ó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ṣùgbọ́n kí a padà sọ́dọ̀ mọ́ńkì. Mọ́ńkì Tháílándì kì í dáná, kì í sì í fi ẹnu tọrọ. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò máa kọjá láìwọ bàtà, àwo rẹ̀ ní ọwọ́, ohun tí wọ́n bá sì bù sí i ni oúnjẹ rẹ̀. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ó parí, kò tún ní jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Òfin wọn fàyè gbà á kí ó ní ṣúgà lọ́dọ̀ fún ọjọ́ 7 gẹ́gẹ́ bí oògùn, òun àti oyin, òróró, bọ́tà àti òrí màlúù. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà náà bá ti bá ẹyin àti àgbọn pàdé, ó kúrò ní oògùn, ó di oúnjẹ, ọ̀sán sì ni òpin rẹ̀. A kọ́ ọ pé kí ó tó fi ọwọ́ kan oúnjẹ, kí ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé òun kò jẹ ẹ́ fún fàájì tàbí fún ẹwà, bí kò ṣe kí ara yìí lè dúró kí iṣẹ́ ìwà-mímọ́ lè máa lọ. Ní àwọn tẹ́ńpìlì inú igbó ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn, irú èyí tí mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Ajahn Chah dá sílẹ̀ ní Ubon ní ọdún 1954, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹun, inú àwo kan ṣoṣo sì ni ohun gbogbo ń wọ̀. Ẹ ro èyí wò. Mo kaeng tí a fi òru yan, tí a dín àlùbọ́sà sí lójú, tí a gé ní igun mẹ́rin gẹ́lẹ́, bọ́ sórí ìrẹsì, ọbẹ̀ ata ṣàn bò ó, ẹja gùn ún lẹ́yìn, ohun gbogbo sì di ọ̀kan. Alásè tí ó bá rí i tí kò bá sunkún, ó ti mọ nǹkan.

Àwọn kan wà tí ìdáhùn yá lẹ́nu wọn. Wọ́n ní láádá ni à ń wá, ohun tí àwọn ará Tháílándì ń pè ní bun. Bí ọrẹ bá ṣe dùn tó ni bun yóò ṣe pọ̀ tó, ẹni tí ó bá sì se èyí tí ó dùn jù ni yóò bọ́ sí ipò tí ó dára jù nígbà tí ó bá tún ayé wá. Wọ́n tún ní nítorí pé wúrà, ìyẹn thong, wà nínú orúkọ àwọn àdídùn ẹlẹ́yin bíi foi thong, thong yip àti thong yot, ọrọ̀ yóò máa tọ ẹni tí ó bá fi wọ́n tọrẹ wá. N kò bá wọn jà, nítorí ta ni nínú wa tí kò tíì bá ọ̀run ná ọjà rí? Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ báyìí ni, ọjà ni, kì í ṣe ọrẹ, ẹni tí ó bá sì fi àwo ẹyin kan ra ilé sí ayé tí ń bọ̀ ti yan ẹnìkejì rẹ̀ jẹ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oúnjẹ náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì sọ ohun mìíràn fún mi. Olùfúnni a bọ́ bàtà, a kúnlẹ̀, a gbé àwo náà sókè kan iwájú orí, kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, nínú tẹ́ńpìlì, mọ́ńkì yóò tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀ kí ó gbé e lé e, nítorí ọwọ́ wọn kò gbọdọ̀ kan ara wọn. Mọ́ńkì kò ní sọ pé ẹ ṣé é. Ó lè súre, kì í dúpẹ́. Ẹni tí ó fúnni ni ó ń forí balẹ̀ fún ẹni tí ó gbà. Àwa tí a gbà pé ọwọ́ tí ń fúnni ní í wà lókè, tí a sì ń kọ́ ọmọ wa pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, èyí lè dà bí àìlẹ́kọ̀ọ́ lójú wa. N kò sì rò pé òwe wa ṣìnà: láàárín ọmọnìkejì àti ọmọnìkejì, ọpẹ́ ni okùn tí ó so oore mọ́ oore. Àmọ́ níbi tí a ti ń wá ọ̀nà láti já okùn kúrò lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ mọ́ńkì wà, ọpẹ́ sì jẹ́ irú owó kan. Bí mọ́ńkì bá lanu wí pé, “Ìyá, ti yín ló dùn jù ní gbogbo àdúgbò yìí,” ó ti sanwó, ìyá náà sì ti gba owó. Ní ọjọ́ kejì, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò ṣe jí lóru.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé adùn yìí kò sí fún ahọ́n mọ́ńkì rárá. Ọwọ́ ẹni tí ń fúnni ni ó wà fún. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì àná tí ajá ilé kò bojú wò ni a gbé jáde, ọwọ́ yóò yá, ọkàn kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan kúrò lọ́dọ̀ òun. Ohun tí ó bá wù wá ni ó lè sọ fún wa bí a ti dì í mú tó. Ẹni tí ó ti fún ewé bai toei títí òórùn rẹ̀ fi wọ̀ ọ́ lábẹ́ èékánná, tí ó ti jí lẹ́ẹ̀mejì láti bu ẹ̀yín iná kúrò lórí ìdérí, tí ọmọ rẹ̀ kékeré ti ń rọ̀gbà yí àwo náà ká láti ìrọ̀lẹ́, tí itọ́ òun fúnra rẹ̀ ti ń dà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó sọ kalẹ̀ ní òwúrọ̀. Àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn náà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìgbà 3 ni ọrẹ ní: kí inú olùfúnni dùn kí ó tó fúnni, kí ọkàn rẹ̀ mọ́ nígbà tí ó ń fúnni, kí ó má kábàámọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti fúnni. Ẹni tí ó ń sè é nílé ń gbé gbogbo òru nínú àkọ́kọ́.

Ìtàn Búdà fúnra rẹ̀ sì ti èyí lẹ́yìn ju bí mo ti lè sọ ọ́ lọ. Ọdún 6 ni Siddhattha Gotama, ẹni tí ó wá di Búdà, fi febi pa ara rẹ̀ nínú igbó, títí egungun ìhà rẹ̀ fi ṣeé kà, kí ó tó rí i pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn ráàyè wọ̀ ọ́. Sujata, obìnrin ará Uruvela, ni ó sì gbé ìrẹsì tí a fi wàrà sè fún un, oúnjẹ dídùn, oúnjẹ ọlọ́lá. Ó jẹ ẹ́. Àwọn 5 tí wọ́n ń tẹ̀ lé e bínú fi í sílẹ̀ pé ó ti di ọ̀jẹun, ṣùgbọ́n abẹ́ igi tí ó lọ jókòó sí lẹ́yìn oúnjẹ yẹn ni ojú rẹ̀ ti là. Nígbà tí ó di ẹni 80 ọdún, alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ Cunda se àsè fún un ní ìlú Pava, lẹ́yìn oúnjẹ yẹn ni àìsàn kọlù ú, kò sì dìde nínú rẹ̀. Kí ó tó kú, ó ránṣẹ́ sí Cunda pé kí ó má fi ara rẹ̀ bú, nítorí oúnjẹ tí òun jẹ kí ojú òun tó là àti èyí tí òun jẹ gbẹ̀yìn, èrè kan náà ni wọ́n ní fún ẹni tí ó gbé wọn wá. N kò mọ ibòmíràn nínú ìwé ẹ̀sìn kankan tí a ti fi oúnjẹ ìyè àti oúnjẹ ikú sórí òṣùwọ̀n kan tí wọn kò fi ju ara wọn lọ. Ohun tí oúnjẹ ṣe nínú ikùn ẹni tí ó gbà á jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí ó ṣe nínú ọkàn ẹni tí ó fúnni jẹ́ òmíràn.

Síbẹ̀, mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi yìí ti lè di ewu. Cunda kò mọ̀, àwa mọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ọ̀nà ọ̀run ni àwọn baba wa wí, ọ̀rọ̀ náà sì ń ṣẹ mọ́ àwọn mọ́ńkì Tháílándì lára lónìí, nítorí pé ẹni tí kò lè yan oúnjẹ, tí kò lè kọ ohun tí a bù sí àwo rẹ̀, tí kò sì yẹ kí ó máa sáré ìje tàbí gbá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni ìlera rẹ̀ wà. Sísanra àsanjù, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé ìlànà gbogbo orílẹ̀-èdè kan kalẹ̀ lórí ìlera àwọn mọ́ńkì ní ọdún 2017. Wàrà àgbọn, púpà ẹyin àti ṣúgà, lójoojúmọ́, láti ọwọ́ ojúlé bí ogún! Ẹni tí ó bá ti gbọ́ èyí tí ó ṣì ń sọ pé ti òun ni òun ń ṣe, kí ikùn mọ́ńkì máa ṣe tirẹ̀, kò tíì jọ̀wọ́ nǹkan kan. Adùn iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ṣì dì mú, ó kàn ń lo àwo ẹlòmíràn láti gbádùn rẹ̀ ni. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá dín ṣúgà rẹ̀ kù sí ìlàjì, tí ó gé ìpín rẹ̀ kékeré, tí ó sì mọ̀ pé aládùúgbò yóò sọ pé tirẹ̀ kò dùn tó ti ìyá rẹ̀, ti ṣe ọrẹ tí ó le ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ kì í sè é mọ́ rárá. Lẹ́bàá ọ̀nà tí ó gba Phetchaburi kọjá sí gúúsù, ìsọ̀ ni wọ́n ti ń tà á nínú páànù onígun mẹ́rin, èrò ọkọ̀ á dúró, á ra méjì, ọ̀kan fún tẹ́ńpìlì, ọ̀kan fún ilé. N kò ní pe ọrẹ bẹ́ẹ̀ ní asán. Owó tí ó fi rà á, òógùn ojú rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé ẹni tí ó rà á kò ní òru kan tí ó lè fi yí ọkàn padà nínú rẹ̀. Bí ó sì ti wù kí ó rí, bóyá ilé ni a ti sè é tàbí ìsọ̀ ni a ti rà á, bí àwọn mọ́ńkì bá jẹun tán, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù di ti àwọn dek wat, àwọn ọmọdékùnrin tí ń gbé inú tẹ́ńpìlì láti máa ṣe ìránṣẹ́ fún wọn. Àwọn wọ̀nyí kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan nípa ahọ́n wọn. Wọ́n mọ ojúlé tí ṣúgà rẹ̀ jóná díẹ̀, wọ́n mọ èyí tí ó lawọ́ lórí àlùbọ́sà, wọn kì í sì í fi í pamọ́ bí wọ́n bá pàdé onílé lọ́nà ilé ìwé.